Obìnrin Tó Ń Ti Láàbù Pa

Bí obìnrin náà bá ti yọ lẹ́nu géètì ẹ̀ka ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì, fóònù á ti máa dún láti láàbù kan sí èkejì. "Ó ń bọ̀ o! Màdáámù Tìípa ń bọ̀!" Kíá, ẹni tó ń jẹ búrẹ́dì nídìí ẹ̀rọ á sáré nu ẹnu, ẹni tó gbé ìgò kẹ́míkà sílẹ̀ á gbé e padà sínú kọ́bọ́ọ̀dù, ẹni tí kóòtù funfun rẹ̀ ti wà lọ́rùn àga láti ìjẹta á fà á wọ̀, á máa wá bọ́tìnnì kiri. Òun náà mọ̀. Ó mọ orúkọ tí wọ́n sọ ọ́, ó mọ̀ pé wọ́n ń ṣẹ́jú sí ara wọn lẹ́yìn òun. Nígbà mìíràn, ńṣe ló máa ń rọra rìn kí wọ́n lè ráyè tún ibẹ̀ ṣe kóun tó dé. Ó ní bó bá jẹ́ ìbẹ̀rù òun ló gbé ìgò kúrò nílẹ̀, ìgò ṣáà ti kúrò nílẹ̀.

Ọ̀pọ̀ èèyàn ò fẹ́ràn rẹ̀. Yunifásítì fún un láṣẹ láti ti yàrá ìwádìí èyíkéyìí tó bá léwu pa, ó sì ń lo àṣẹ náà láìwojú ẹnikẹ́ni. Wọ́n ní ojú rẹ̀ ti le jù. Wọ́n ní torí pé òun fúnra rẹ̀ ò rí oyè ọ̀mọ̀wé gbà ló ṣe ń dí àwọn ẹlòmíì lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ yẹn máa ń dùn ún wọra, nítorí pé apá kan rẹ̀ jẹ́ òótọ́. Kò gba oyè náà. Ó ku díẹ̀ kó gbà á ni nǹkan bẹ́.

Ẹ jẹ́ ká máa pè é ní Tìípa náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ ọ̀hún ò tíì mọ́ ọn lórí nígbà tí mò ń sọ yìí. Akẹ́kọ̀ọ́ ṣì ni nígbà náà. Ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ló ń gbé, àmọ́ láàbù kan lókè àjà kẹta ni ọjọ́ rẹ̀ ń lọ. Oje inú ewé àti èèpo igi ni wọ́n ń fà jáde níbẹ̀, kí wọ́n lè mọ èyí tó lè pa kòkòrò àrùn. Kẹ́míkà tí wọ́n fi ń fà á jáde mọ́ gaara bí omi, ṣùgbọ́n kì í dúró sínú ìgò. Bí èèyàn bá ti ṣí ìdérí rẹ̀ báyìí, òórùn rẹ̀ á ti gba gbogbo yàrá. Òórùn yẹn gan-an ló sì léwu. Iná ò ní láti kan kẹ́míkà náà fúnra rẹ̀ rárá. Bó bá ti pàdé òórùn yẹn lójú ọ̀nà, ó ti parí.

Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi kan kọ́bọ́ọ̀dù onígíláàsì kan mọ́ ògiri, tí fáànù inú rẹ̀ ń fa èéfín síta. Inú kọ́bọ́ọ̀dù yẹn ló yẹ kí wọ́n ti máa da kẹ́míkà náà. Ṣùgbọ́n fáànù ọ̀hún ti dákẹ́ tipẹ́. Wọ́n fẹjọ́ sùn, wọ́n ní àwọn oníṣẹ́ ń bọ̀. Oníṣẹ́ kan sì wá lóòótọ́, ó gbójú sókè wò ó, ó mirí, ó lọ, ó sì di àwátì. Ṣáwà pàjáwìrì kan tún wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, irú èyí tí èèyàn lè sá sábẹ́ rẹ̀ bí nǹkan bá dà sí i lára tàbí tí iná bá mú un. Nígbà tí ẹ̀rọ tuntun kan dé, tí wọn ò ríbi kó àwọn páálí rẹ̀ sí, abẹ́ ṣáwà yẹn ni wọ́n tò wọ́n sí dé òkè. Tìípa wà lára àwọn tó gbé e. Wọ́n tiẹ̀ ń ṣe yẹ̀yẹ́ pé ṣáwà náà ti ríṣẹ́ ṣe wàyí.

Ọ̀jọ̀gbọ́n tó ni láàbù náà, tó tún jẹ́ olórí ẹ̀ka, kì í ṣe èèyàn burúkú. "Ẹ̀yin ọmọ mi" ló máa ń pè wọ́n, bí ara ẹnikẹ́ni nínú wọn ò bá sì yá, ó máa ń lọ wò ó nílé. Àmọ́ ìkánjú ti wọ̀ ọ́ lẹ́wù. Ohun gbogbo ló fẹ́ kó ti parí lánàá. Lójú tirẹ̀, ẹni tó bá sọ fún un pé nǹkan bàjẹ́, ọ̀lẹ tó ń wá ọ̀nà sá ni.

Ọmọkùnrin kan wà ní láàbù náà tí wọ́n ń pè ní Ọ̀yàyà. Àbúrò ni fún Tìípa lẹ́nu iṣẹ́, "ẹ̀gbọ́n mi" ló sì máa ń pè é. Bó bá wọlé láàárọ̀, á kọ́kọ́ kí àwọn ẹ̀rọ níkọ̀ọ̀kan kó tó kí èèyàn: "Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin àgbà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dá mi lóhùn burúkú lónìí." Ìyá rẹ̀ ń ránṣọ, òun nìkan sì ni ìyá náà bí. Ẹni tí inú bá ń bí ò lè dúró ti ọmọ náà kó má rẹ́rìn-ín.

Lọ́sàn-án ọjọ́ tọ́rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n já wọlé pẹ̀lú báàgì lọ́wọ́. Àwọn àlejò kan ń bọ̀ wá wo iṣẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ kejì.

"Ọ̀yàyà, ibo la bá a dé?"

"Ó ku díẹ̀, sà. Fáànù yẹn ni ò fà. Òórùn kẹ́míkà ti pọ̀ jù nínú yàrá, mo ní kí n jẹ́ kó lọ sílẹ̀ ná."

"Ṣí fèrèsé, jàre. Àwọn àlejò mi ń bọ̀ láàárọ̀ ọ̀la, kí ni kí n fi hàn wọ́n? Fáànù tó bàjẹ́?"

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀yàyà rẹ́rìn-ín, Tìípa náà rẹ́rìn-ín. Ọ̀jọ̀gbọ́n gbá ọmọ náà léjìká pẹ́pẹ́, ó sì jáde. Kóòtù ò sí lọ́rùn ẹnì kankan nínú wọn. Ooru mú, àwọn kóòtù ti dọ̀tí, kò sì sẹ́ni tó mọ ẹni tó yẹ kó fọ̀ wọ́n.

Ọ̀yàyà ṣí fèrèsé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í da kẹ́míkà láti inú ìgò ńlá sínú ìgò kékeré. Sítóòfù kékeré kan tó ń lo iná mànàmáná wà ní ìkángun tábìlì. Ẹnì kan ti tàn án, kò rántí pa á. Ohun tí Tìípa gbọ́ ò dún bí ìbọn. Ó dà bí ìgbà tí èèyàn bá gbọn aṣọ ńlá kan lójú afẹ́fẹ́: fùú! Nígbà tó máa yíjú, iná ti gba Ọ̀yàyà láti ìgbáròkó dé ọrùn. Kò kọ́kọ́ pariwo. Ńṣe ló ń wo apá rẹ̀ méjèèjì bí ẹni pé ti ẹlòmíì ni.

Tìípa já sílíńdà pupa tí wọ́n fi ń paná kúrò lára ògiri, ó tẹ̀ ẹ́. Sílíńdà náà húkọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó tu eruku díẹ̀, ó dákẹ́. Tìípa sọ ọ́ nù. Ó gbá Ọ̀yàyà mú, ó ń wọ́ ọ lọ síbi ṣáwà. Páálí ló bá níbẹ̀, páálí lórí páálí, ó ń fẹsẹ̀ ta á, ó ń fi èjìká tì í, kò yẹ̀. Ìgbà yẹn ni Ọ̀yàyà tó bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Ni Tìípa bá já kọ́tìnnì fèrèsé wálẹ̀, ó fi wé ọmọ náà, ó sì gbé ọwọ́ ara rẹ̀ lé e, ó ń tẹ iná náà pa. Àwọn yòókù ti sá jáde, wọ́n ń kígbe ní kọ́rídọ̀.

Ní ọsibítù, wọ́n fi báńdéèjì di Tìípa lọ́wọ́ méjèèjì dé ìgbọ̀nwọ́. Ó ń bẹ àwọn nọ́ọ̀sì kí wọ́n jẹ́ kó wọlé lọ bá Ọ̀yàyà, nígbà tó sì yá wọ́n gbà fún un. Ojú ọmọ náà ti wú, ẹnu rẹ̀ ló ṣẹ́ kù tí èèyàn lè dá mọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ó ní, ohùn rẹ̀ ti di tẹ́ẹ́rẹ́. "Ìgò kékeré yẹn ńkọ́? Ṣé kò fọ́?"

"Kò fọ́," Tìípa parọ́ fún un. "Ó wà níbẹ̀. Má sọ̀rọ̀ mọ́."

"Ẹ bá mi sọ fún Ọ̀gá pé ó ku díẹ̀."

Ọ̀rọ̀ tó gbọ́ kẹ́yìn lẹ́nu rẹ̀ nìyẹn. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ọmọ náà kú.

Wọn ò tíì sin ín tí yunifásítì fi gbé ìkéde jáde. Ìwé ìròyìn gbé e, rédíò kà á. Wọ́n ní ó dùn wọ́n jọjọ, wọ́n ní akẹ́kọ̀ọ́ tó ní ọjọ́ ọ̀la rere ni, wọ́n sì ní ìwádìí àkọ́kọ́ fi hàn pé kò wọ aṣọ ààbò tí òfin là kalẹ̀. Wọ́n á gbé ìgbìmọ̀ kan dìde. Ọ̀jọ̀gbọ́n fúnra rẹ̀ wá kí Tìípa nílé. Ó jókòó sí etí àga, ó ti rù, ojú rẹ̀ pọ́n.

"Ọmọ mi, ìgbìmọ̀ máa pè ọ́. Mi ò ní kó o purọ́ o. Ohun tó o fojú rí ni kó o sọ. Ṣé Ọ̀yàyà wọ kóòtù?"

"Kò wọ̀ ọ́, sà."

"Ó tán. Bí wọ́n bá bi ọ́, ìyẹn ni kó o sọ. Òótọ́ ni. Lẹ́yìn náà, a máa parí iṣẹ́ rẹ. Ó ku díẹ̀ ni, àbí?"

Ó lọ tán, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ti ń gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti kíṣìnnì jáde wá, ó ń nu ọwọ́.

"Jọ̀ọ́, ìwọ ọmọ ìyá mi, gbọ́ tèmi. Ẹni tó kú ti kú. Ìwọ lo ṣì wà láyé. Sọ èyí tí wọ́n bá bi ọ́, kó o panu mọ́."

"Ẹ̀gbọ́n mi, Ọ̀jọ̀gbọ́n fúnra rẹ̀ ò wọ kóòtù nígbà tó wọlé wá bá wa."

"Ta ló bi ọ́ ní ìyẹn?"

Ọ̀rọ̀ náà ò jẹ́ kí Tìípa fojú kan oorun, nígbà tó sì di ọjọ́ kejì ó dìde lọ sí ṣọ́ọ̀bù ìyá Ọ̀yàyà. Ó bá a nídìí ẹ̀rọ, aṣọ ẹlòmíì ló ń rán. Ìyá náà ò dìde, kò sunkún. Ó wo báńdéèjì tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní kó jókòó.

"Wọ́n ní ọmọ mi ló fọwọ́ ara rẹ̀ fà á. Wọ́n ní kò wọ kóòtù. Ṣé òótọ́ ni?"

"Òótọ́ ni, mà. Kò wọ̀ ọ́."

Ẹsẹ̀ ìyá náà dúró lórí pẹ́dà ẹ̀rọ. "Ìwọ ńkọ́? Ṣé o wọ tìẹ?"

"Rárá, mà."

"Ọ̀gá yín ńkọ́?"

"Òun náà ò wọ̀ ọ́, mà."

"Kí ló wá dé tó jẹ́ pé ti ọmọ mi nìkan ló wọ ìwé ìròyìn?"

Tìípa kúnlẹ̀ kí i pé ó dàbọ̀, ó sì kọrí sílé.

Ọjọ́ tí ìgbìmọ̀ jókòó, yàrá ìpàdé náà tutù nini, omi inú ìgò wà níwájú olúkúlùkù. Alága jẹ́ ọkùnrin kan tó mọ ọ̀rọ̀ ọ́ sọ, tó sì ń wo aago.

"Ìbéèrè wa ò pọ̀," ó ní. "Ṣé olóògbé wọ aṣọ ààbò àbí kò wọ̀ ọ́?"

"Kò wọ̀ ọ́, sà. Èmi náà ò wọ̀ ọ́. Ọ̀gá wa ò wọ̀ ọ́. Kò sẹ́ni tó ń wọ̀ ọ́ ní láàbù wa, kò sì sẹ́ni tó bi wá rí."

"A ò bi ọ́ ní ìyẹn."

"Mo mọ̀, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n sọ ọ́ tán. Fáànù tó ń fa èéfín ò ṣiṣẹ́. Ọ̀yàyà sọ bẹ́ẹ̀ fún Ọ̀gá lọ́jọ́ yẹn, ó ní òun fẹ́ dúró, Ọ̀gá ní kó ṣí fèrèsé. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Sílíńdà tí mo fẹ́ fi paná náà ò ní nǹkan kan nínú. Ṣáwà wà níbẹ̀, àmọ́ páálí dí i, mi ò lè gbé Ọ̀yàyà débẹ̀." Ó ti ìgò omi iwájú rẹ̀ sápá kan. "Èmi wà lára àwọn tó to páálí náà síbẹ̀."

Ọ̀jọ̀gbọ́n ń wo tábìlì. Alága húkọ́, ó fẹ́ sọ pé wọ́n ti gbọ́, nígbà tí ìyá àgbà kan nínú ìgbìmọ̀, láti ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀rọ, tí kò tíì lanu látàárọ̀, gbá àga rẹ̀ sẹ́yìn.

"Ta ló ti débẹ̀ nínú wa?" ó béèrè.

Kò sẹ́nì kankan. Wọ́n ti jókòó lé ọ̀rọ̀ yàrá kan tí wọn ò fẹsẹ̀ tẹ̀ rí.

"Ẹ dìde ká lọ," ìyá àgbà ní. "Ẹni tí àtẹ̀gùn bá ń dà láàmú kó máa bọ̀ díẹ̀díẹ̀."

Láti ọjọ́ ìjàm̀bá náà ni wọ́n ti ti láàbù ọ̀hún. Nígbà tí wọ́n ṣí i, òórùn jíjóná ṣì gba imú. Ògiri ti dúdú, kọ́tìnnì tó kù nílẹ̀ ti gan. Páálí sì rèé, wọ́n dúró gbagidi níbi tí wọ́n wà, igun ọ̀kan ti fọ́ níbi tí Tìípa ti fẹsẹ̀ ta á. Ìyá àgbà ní kí wọ́n gbé e kúrò. Àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ bọ́ kóòtù òyìnbó wọn, wọ́n ń gbé páálí. Ìyá àgbà fúnra rẹ̀ wá bọ́ sábẹ́ ṣáwà náà, ó fa ẹ̀wọ̀n rẹ̀ wálẹ̀.

Kò sómi. Kò tilẹ̀ kán. Páìpù náà mí hẹ́ẹ̀ bí arúgbó, ó dákẹ́.

Ẹ̀rín burúkú kan ló kọ́kọ́ bọ́ lẹ́nu Tìípa kó tó di ẹkún. Àtìgbà tí Ọ̀yàyà ti kú ló ti ń fi ọkàn gbé páálí wọ̀nyẹn kúrò, tó ń gbé ọmọ náà dé abẹ́ omi, tí omi ń pa iná náà, tí ọmọ náà ń yè. Àṣé omi ọ̀hún ò sí níbẹ̀ rí. Kò mọ̀ bóyá kó dúpẹ́ ni àbí kó fi orí sọlẹ̀.

Ìgbìmọ̀ sọ òótọ́ nígbẹ̀yìn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n fi ọ̀rọ̀ dídùn yí i lára. Wọ́n gba ipò olórí ẹ̀ka lọ́wọ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n, wọ́n ní kò gbọ́dọ̀ kó akẹ́kọ̀ọ́ wọ láàbù mọ́. Yunifásítì kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ àkọ́kọ́ jẹ, ó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ìyá náà, àmọ́ ojú ìwé kékeré kan nínú ni ìwé ìròyìn gbé ìyẹn sí. Tìípa lọ sí ṣọ́ọ̀bù aránṣọ náà láti sọ fún un. Ìyá Ọ̀yàyà ti gbọ́ gbogbo rẹ̀.

"Wọ́n ní o sọ òótọ́. O ṣeun," ó ní. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò yà fún Tìípa kó wọlé. "Wọ́n ní o wà lára àwọn tó gbé páálí."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Mo gbọ́. Máa lọ ilé."

Ìgbà kan tún wà tó lọ, ilẹ̀kùn ò ṣí, ó sì ń gbọ́ ìró ẹ̀rọ nínú ilé. Kò lọ mọ́.

Kò sí olùkọ́ kan tó gbà láti máa bójú tó iṣẹ́ rẹ̀ lẹ́yìn náà. Èyí ní ọwọ́ òun ti kún, tọ̀hún ní ìmọ̀ òun ò dé ibẹ̀. Ọ̀kan tó láyà díẹ̀ ló là á fún un: "Àbúrò, ẹ̀rù ẹnu rẹ ló ń bà wọ́n." Ó kó ẹrù rẹ̀, ó lọ ń kọ́ àwọn ọmọ girama ní ìmọ̀ kẹ́mísírì. Awọ ọwọ́ rẹ̀ ti sunkì, kò lè di ṣọ́ọ̀kì mú dáadáa, àwọn ọmọ sì máa ń fi ìkọ̀wé rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Ọdún gorí ọdún. Ó ti ń rò pé ibẹ̀ lòun máa kú sí nígbà tí yunifásítì náà ní ọ̀gá àgbà tuntun, tí wọ́n dá ọ́fíìsì ààbò sílẹ̀, tí ìyá àgbà yẹn, tó ti fẹ̀yìn tì, sì sọ fún wọn pé ẹnì kan wà tí kì í dákẹ́. Wọ́n ránṣẹ́ pè é.

Àtìgbà náà ló ti ń ti ilẹ̀kùn pa. Òun ló fi lélẹ̀ pé kí wọ́n máa fa ẹ̀wọ̀n ṣáwà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí omi dà níṣojú ẹni tó ni láàbù gan-an. Òun ló ní kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ dá wà pẹ̀lú kẹ́míkà, àti pé akẹ́kọ̀ọ́ tó bá sọ pé nǹkan ò dáa, wọn ò gbọ́dọ̀ fìyà jẹ ẹ́. Bí nǹkan bá sì ṣẹlẹ̀, orúkọ ọ̀gá láàbù ló máa ń kọ́kọ́ pè. Ìjàm̀bá dín kù lóòótọ́. Kò tán.

Láìpẹ́ yìí, ásíìdì dà sí ọmọbìnrin kan lójú. Kọ́bọ́ọ̀dù láàbù wọn ní aago kan tó máa ń ké bí fáànù ò bá fà dáadáa. Ariwo rẹ̀ ti sú wọn, wọ́n lẹ sẹ́lótéèpù mọ́ ọn lẹ́nu, èéfín wá kọ lu ọmọ náà, ó húkọ́, ọwọ́ rẹ̀ gbọ̀n, ìgò dojú dé. Ojú kan lọ. Ṣáwà ṣiṣẹ́, omi pọ̀, ìyẹn ni ò jẹ́ kí ojú kejì náà lọ. Nígbà tí Tìípa dé ọsibítù, ó bá bàbá ọmọ náà lórí bẹ́ǹṣì ní kọ́rídọ̀, fìlà wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ̀yin lẹ wá láti yunifásítì?" bàbá náà béèrè. "Ta ló jẹ̀bi ọ̀rọ̀ yìí? Ṣé ọmọ mi ni?"

"Rárá, sà. Ẹ jẹ́ n sọ fún yín bó ṣe jẹ́, torí ó lè pẹ́ kẹ́lòmíì tó sọ ọ́." Ó jókòó, ó sọ ti fáànù, ti aago, ti sẹ́lótéèpù, orúkọ olùkọ́ tó ni láàbù. Lẹ́yìn náà ó ní, "Èmi náà débẹ̀ lóṣù tó kọjá. Mo rí sẹ́lótéèpù yẹn. Wọ́n bẹ̀ mí pé àwọn máa tún un ṣe kílẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, mo sì gbà fún wọn. Ó yẹ kí n ti ibẹ̀ pa. Mi ò tì í."

Bàbá náà yí fìlà ọwọ́ rẹ̀ padà, ó tún yí i padà. Tìípa ti múra sílẹ̀ fún èébú. Kódà bó bá fẹ́ lu òun, òun ò ní yẹra.

"Ìyá rẹ̀ wà lọ́nà," bàbá náà sọ níkẹyìn. "Ó rò pé ọmọ náà kàn ṣubú ni. Mi ò lè sọ ọ́. Ẹ dúró, kẹ́ ẹ sọ gbogbo ohun tẹ́ ẹ sọ fún mi yìí fún un."

Tìípa dúró. Nígbà tí obìnrin náà sáré wọ kọ́rídọ̀, bàtà ẹsẹ̀ kan lọ́wọ́, tó ń bi ọkọ rẹ̀ pé níbo ni ọmọ òun wà, Tìípa dìde, ó kúnlẹ̀ kí i, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà láti ìbẹ̀rẹ̀.